Iná Pupa Ọkọ̀ Oyèkànmí

Iná kò purọ́, àárẹ̀ ló mú ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ rí, bóyá níbi tí wọ́n ti ń bá ẹnì kan kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ iná tí òwe náà ń sọ? Kì í ṣe iná ààrò o. Iná pupa kékeré kan tó wà níwájú awakọ̀ ni.

Oyèkànmí ará Ìgbẹ́tì ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ọ̀hún dàgbà ju ọ̀pọ̀ èrò inú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun nìkan ló ń bọ́ ìyàwó, ọmọ, àti ìyá Oyèkànmí tí kò ríran mọ́. Nígbà tó yá, iná tó ń kìlọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láìnídìí. Oyèkànmí á dúró, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wo ẹ́ńjìnnì títí, kò ní rí nǹkan kan. Kó tó padà sídìí sítíárì, àwọn èrò á ti wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà rẹ̀, á fi bo iná náà, á sì máa wakọ̀ lọ.

Gàníyù rẹ́wáyà, ẹni tó ń bá a tún iná ọkọ̀ ṣe, pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ooru ẹ́ńjìnnì tó sì ń ròyìn fún iná. Pàbó ló já sí. Ó tún wá sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀ mìíràn fi sí i, iná kò yéé tàn. Ọkàn àwọn méjèèjì ti rẹ̀wẹ̀sì kí Gàníyù tó tọ wáyà náà láti orí dé ìdí, tó sì rí ibi tí ara rẹ̀ ti bó lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n, wáyà á kan irin, iná á tàn. Ó fi téèpù wé e.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ti tán lẹ́nu ẹ̀," ni Gàníyù wí. "Tó bá tún tàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Oyèkànmí ní òun gbọ́, ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó kó èrò ọjà Ìgbòho. Wọ́n ti jìnnà sí ìlú nígbà tí iná tàn. Obìnrin tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ rí i, ó ní kí awakọ̀ wò ó.

"Ẹ má dá a lóhùn, màmá," ni Oyèkànmí fèsì. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ó ṣí fìlà, ó fi bò ó.

Rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì ló ti ya, omi sì ń jò sọ́nà. Nígbà tí èéfín yọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ́ńjìnnì dún gbì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Gàníyù wá wò ó, ó mi orí. Oyèkànmí délé, ó sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ bi í pé ṣé kò sí ohun tó kìlọ̀ fún un ni.

"Màámi, iná kò purọ́," ni Oyèkànmí dáhùn. "Àárẹ̀ ló mú ẹni tó ń wò ó."

Ọkọ̀ náà kò rìn mọ́ láéláé. Nígbà tí àwọn àgbà bá rí ẹni tí ìkìlọ̀ òfo ti dá lágara, tó wá kọ etí dídi sí ìkìlọ̀ tòótọ́, òwe yìí ni wọ́n máa ń pa. Wọn kì í fi bú u. Ìgbà tí ọ̀ràn bá ti bàjẹ́ tán, tí ẹnikẹ́ni kò lè tún un ṣe mọ́, ni wọ́n ń pa á.