Kíjìpá Inú Àsíá

“Ìyá Dúrósinmí, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.”

Lápàdé, ìránṣẹ́ Balógun, di etí aṣọ kan mú. Àjíún di etí kejì. Kíjìpá funfun ni, ó nípọn bí awọ. Ọkọ Àjíún tó kú sógun ló fi í sílẹ̀, òun ló sì fi ń bo Dúrósinmí, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Ibẹ̀ ni òwe yìí ti ṣẹ̀: “Àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè, ọmọ ń gbọ̀n nílẹ̀.” Ẹni tí kò mọ̀ á máa bi ara rẹ̀ pé kí ló pa àsíá pọ̀ mọ́ òtútù.

Ogun ti jó oko òwú Òkè-Ìrókò, aṣọ ti di ọ̀wọ́n. Síbẹ̀, Balógun Ògúndíjọ ní ìlú tí kò ní àsíá, ọ̀tá kò ní kà á sí ìlú. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú aṣọ wá: aláró lókè fún àwọn tó ti kú, funfun láàárín fún àwọn tó kù, pupa nísàlẹ̀ fún ogun. Ilé tí kò bá mú wá, wọn kò ní ṣí ibodè fún un bí ogun bá dé. Ẹ̀yìn odi sì ni ilé Àjíún wà.

“Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná.”

“Ṣé ọ̀tá máa dúró de ọyẹ́ ni? Àbí ẹ fẹ́ kí ilé yín di ihò lára àsíá?”

Àjíún wo ọmọ. Ó wo ibodè. Ó jọ̀wọ́ aṣọ náà.

Wọ́n rán àsíá tán, wọ́n fà á sókè lórí òpó. Ó dára. Àjíún pàápàá rí i pé ó dára. Ìró kan ló kù fún òun àti ọmọ. Nígbà tí ikọ́ wọ ọmọ láyà, ó lọ bá Balógun. Ṣòkòtò nìkan ló bá lára rẹ̀. Agbádá rẹ̀ ti wà nínú pupa ìsàlẹ̀.

“Balógun, ẹ dá kíjìpá mi padà. Ọmọ ń gbọ̀n.”

“Gbogbo wa là ń gbọ̀n, Àjíún. Bí mo bá tú tìrẹ, ta ni kò ní wá gba tirẹ̀ lọ́la?”

“Àgbà lè gbọ̀n kó yè é, Baba.”



Dúrósinmí kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí aṣọ. Ewé ni wọ́n fi wé e. Balógun wá kí ìyá rẹ̀, ó ní ọmọ náà kú fún ìlú. Àjíún nawọ́ sókè síbi tí àsíá wà.

“Àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè,” ló wí, “ọmọ ń gbọ̀n nílẹ̀.”

Balógun sorí kọ́, ó lọ.

Ogun kò dé. Ibodè tí Àjíún tìtorí rẹ̀ fi aṣọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó tì í. Bí a bá rí ẹni tó ń ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ tí kò wo ará ìlú, ohun tí a ń wí náà nìyẹn: àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè, ọmọ ń gbọ̀n nílẹ̀.

Afẹ́fẹ́ fa aláró ya, ó fa pupa ya. Kíjìpá nìkan ló kù lórí òpó.