Ìdí Tí Ọkọ̀ Akẹ́rù Fi Ń Bú Ramúramù Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè

Láyé ọjọ́un, nígbà tí irin ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kì í dún bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Á pariwo dáadáa bó bá ń gòkè lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé téńté, tó wá dorí kọ ìsàlẹ̀, ńṣe ni kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò ní gbọ́ nǹkan kan títí ọkọ̀ á fi yọ sí i. Fèrè ọkọ̀ pàápàá kò tíì sí nígbà náà.

Awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Abíọ́nà. Ọkọ̀ ńlá tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ló ń wà, ọkọ̀ náà sì ń fa tírélà méjì tẹ̀lé ara wọn. Pákó ló fi ń kó láti inú igbó tó wà lókè wá sí ìlú Ẹsẹ̀-Òkè. Pákó yìí ni àwọn ará ìlú fi ń kọ́lé, òun náà ni wọ́n fi ń kan bẹ́ńṣì ilé ìwé.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan ló ń gbé inú ọkọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó fa ọkọ̀. Bíréèkì ni àbúrò. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni ó ń gbé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá ọkọ̀ dúró.

Bí wọ́n bá ń gòkè, Ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Bí wọ́n bá dé orí òkè, á ní iṣẹ́ òun ti parí, á sì sùn lọ. Láti ibẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, Bíréèkì nìkan ni yóò máa di ọkọ̀ mú, pẹ̀lú tírélà méjèèjì tó ń tì í lẹ́yìn. Á gbóná, á rú èéfín, á sì máa rùn bíi rọ́bà tó ń jó.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí Bíréèkì ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó ran òun lọ́wọ́. Ohun tí Ẹ́ńjìnnì máa ń fún un lésì ni pé fífà ni wọ́n ní kí òun fà, wọn ò ní kí òun dì í mú.

Ní ọjọ́ kan, òjò rọ̀ sórí pákó tí Abíọ́nà kó, ẹrù náà sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn ò tíì sọ̀ dé àárín òkè tí Bíréèkì fi ké pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí. Ọwọ́ mi ti ń yọ̀."

Ẹ́ńjìnnì yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ń sùn lọ.

Abíọ́nà tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé pátápátá, kò kan nǹkan kan. Ọkọ̀ bá eré lọ. Ní ìsàlẹ̀ òkè níbi tí omi ìsun wà létí ọ̀nà gan-an, obìnrin kan tó ń jẹ́ Arínọlá bẹ̀rẹ̀, ó ń pọnmi, ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀. Abíọ́nà pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gbé ohùn náà lọ sẹ́yìn.

Ó rí i pé bí òun bá tẹ̀ lé ojú ọ̀nà, obìnrin náà kò ní yè é. Ó wá yí ọwọ́ ọkọ̀ wọnú oko ẹ̀gẹ́. Ọkọ̀ la oko já, tírélà méjèèjì dojú dé, pákó sì fò káàkiri. Ọ̀kan nínú àwọn pákó náà já lu ìkòkò Arínọlá, ó fọ́ ọ túútúú.

Abíọ́nà jáde nínú ọkọ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Arínọlá rìn wá bá a, ó fọwọ́ lé ikùn. Kò bú u. Ohun kan ṣoṣo ló sọ.

"Mi ò gbọ́ ọ rárá."

Gbogbo ìlú péjọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹsẹ̀-Òkè mọ́, àyàfi tí Abíọ́nà bá wá ẹni tí yóò ran Bíréèkì lọ́wọ́. Abíọ́nà kò bá wọn jiyàn. Ó ní òun á wá a, òun á sì rí i. Ó tún ọkọ̀ ṣe, ó wà á lọ sọ́dọ̀ Ògúnbùnmi, obìnrin alágbẹ̀dẹ tó jogún iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Níwájú àgbẹ̀dẹ ni Bíréèkì ti tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Ó ní àwọn jọ ń gbé inú ọkọ̀ kan náà, òun nìkan ló sì ń jóná. Inú bí Ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun kò ní ọwọ́ tí òun lè fi di nǹkan mú.

Ògúnbùnmi gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì tán, ó wá kọjú sí Ẹ́ńjìnnì.

"Èémí tí o ń mí, ibo ló ń gbà jáde?"

"Inú sàlẹ́ńsà ni, Ìyá."

"Tí mo bá wá fi ìlẹ̀kùn sí ẹnu ọ̀nà yẹn, tí mo tì í nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ́ńjìnnì ronú. Ó ní èémí náà á há sí òun láyà, ara òun á wúwo, òun kò sì ní lè yí kíákíá mọ́.

"Ọwọ́ tí o fẹ́ fi di ọkọ̀ mú nìyẹn," ni Ògúnbùnmi wí.

Ìlẹ̀kùn irin mẹ́ta ló wà nílẹ̀, Abíọ́nà sì fẹ́ mú èyí tó ń dán jù. Ògúnbùnmi ní kì í ṣe dídán ni wọ́n fi ń yan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n dán an wò, kò dí ẹ̀gbẹ́ ihò sàlẹ́ńsà, nítorí ọkọ̀ kékeré ni wọ́n rọ ọ́ fún. Èémí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, eré ọkọ̀ ò sì dín kù rárá. Èkejì tóbi, ó sì dí pinpin. Wọ́n tì í, Ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ògúnbùnmi sáré ṣí i, ó ní èyí á ba inú rẹ̀ jẹ́ kí ọdún tó yí po.

Ó wá mú ẹ̀kẹta. Ó wọn ihò sàlẹ́ńsà, ó bi Abíọ́nà bí ẹrù tírélà méjèèjì ṣe máa ń wúwo tó, ó sì béèrè lọ́wọ́ Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó rẹ́ ìlẹ̀kùn náà létí, ó sì lu ihò kékeré kan sí i láàárín kí èémí díẹ̀ lè máa jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Nígbà tó tì í, Ẹ́ńjìnnì kò kú, kò sì lè sáré.

Ògúnbùnmi kọ́ Abíọ́nà pé kó fi ọkọ̀ sí jíà kékeré láti orí òkè, kó fa okùn irin tí òun so mọ́ ìlẹ̀kùn sàlẹ́ńsà kó lè tì, kó sì fi Bíréèkì sílẹ̀ kó sinmi títí yóò fi fẹ́ dúró pátápátá.

Wọ́n di ẹrù kún tírélà méjèèjì, wọ́n gun òkè. Gbogbo ìlú dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Abíọ́nà ti ìlẹ̀kùn. Èémí há, ó ń fi ipá gba inú ihò kékeré yẹn jáde, ohùn ńlá sì sọ lórí òkè: ramúramù, ramúramù. Ọkọ̀ ń bọ̀ jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, Bíréèkì na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ sì dúró. Ògúnbùnmi fọwọ́ kan Bíréèkì. Kò gbóná.

Àwọn àgbà ìlú yọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ariwo náà ti pọ̀ jù. Ògúnbùnmi dáhùn pé òun lè wá nǹkan fi wé sàlẹ́ńsà kí ohùn náà rọlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ní òun kò gbà, pé bí òun bá máa di ọkọ̀ mú, ẹ jẹ́ kí ayé gbọ́ pé òun ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

Arínọlá ló parí rẹ̀.

"Ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí òkè ló ti wà tí mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti kúrò lójú ọ̀nà kó tó dé."

Àwọn àgbà gbà fún un. Wọ́n ṣí ọ̀nà fún Abíọ́nà.

Àtìgbà náà ni ìlẹ̀kùn ti wà nínú sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tó ń fa tírélà, tí Ẹ́ńjìnnì kì í sì í sùn mọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ akẹ́rù fi ń bú ramúramù bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí àwọn ọmọdé bá sì ti gbọ́ ọ, wọ́n á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á dúró kó kọjá.