Igbá Bàbá Láwọyin

"Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Ta ni kò mọ òwe yìí nínú wa? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ dárúkọ àgbà náà fún mi, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ, ẹ ó máa wo ojú ara yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Bàbá Láwọyin ni. Oníṣòwò obì ni, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ahun paraku ni. Àwọn alárù ló máa ń gbé obì rẹ̀ lọ sọ́jà, Àkàngbé sì ni olórí wọn. Àdéhùn wọn kò ju pé kí wọ́n gbé ẹrù dé ọjà, kí wọ́n sì dúró tì í títí ọjà yóò fi tú. Igbá tí Bàbá ń kó ohun tó bá rà sí kò sí nínú àdéhùn. Àṣà ló mú un: bí ọ̀gá bá jẹun ọ̀sán, á ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn alárù, bí ọjà bá tú, àwọn náà á bá a ru igbá rẹ̀ délé.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn àna ọmọkùnrin Bàbá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti wo ilé tí ọmọbìnrin wọn fẹ́ wọ̀. Wọn kò rí Bàbá rí. Ìdílé kan ti kọ ọmọkùnrin rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ahun baba, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun ọmọ ọ̀hún gan-an. Nítorí náà, Bàbá ra ẹja, oyin àti iṣu sínú igbá láti fi ṣe àlejò. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti iyán àti ẹran ìgalà. Àwọn alárù ń wò ó títí ó fi ń fi ìka nu ìdí àwo.

"Bàbá, a ò mà rí tiwa," Àkàngbé wí.

Bàbá gùnfẹ̀. "Ṣé oúnjẹ wà nínú àdéhùn wa?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Ó tán nìyẹn."

Nígbà tí ọjà tú, Bàbá ní kí wọ́n gbé igbá. Àkàngbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé igbá wà nínú àdéhùn wa?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn sí Àkàngbé. Bàbá pariwo, ó bẹ̀bẹ̀, àwọn alárù sì ń gbọn òṣùká wọn lọ sílé. Ló bá bọ́ agbádá, ó ká a ṣe òṣùká, ó gbé igbá karí.

Kò tíì rìn jìnnà tí àwọn àna fi bá a lọ́nà. Ìyá àgbà ọmọbìnrin náà ló ṣáájú wọn.

"Bàbá alárù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé Bàbá Láwọyin?"

Ojú tì í. Ó ní kí wọ́n máa tẹ̀lé òun. Bí wọ́n ṣe dé ojúde, gbogbo ará ilé wólẹ̀: "Bàbá, ẹ káàbọ̀!" Ìyá àgbà wo igbá, ó wo agbádá tó rún.

"Ẹ ò wẹ̀yìn nígbà tí ẹ ń jẹun, àbí? Ilé tí wọn kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù, kí ni ọmọ wa fẹ́ jẹ níbẹ̀?"

Ó yíjú padà láti máa lọ. Ọmọkùnrin náà wólẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe ìyá.

"Ó dáa. Ẹ gbé oúnjẹ wá. Kí Bàbá jẹun lójú wa."

Igbá tó rù ti mú kí oúnjẹ ọ̀sán dà nínú Bàbá, ebi ń pa á. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ló bá ti àwo síwájú ọmọ rẹ̀, tòun ti ẹran ńlá kan. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Àwọn àna fún ọmọ náà ní ìyàwó, ṣùgbọ́n ojú Bàbá kò kúrò lára ẹran náà títí wọ́n fi gbé àwo lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí fún ọ̀gá tàbí ẹni ńlá tó bá ń dá èrè jẹ, tó sì tún ń retí kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe kọjá ohun tí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìwọ tí o fẹ́ kí wọ́n bá ọ ru tìrẹ lẹ́yìn tí ọjà bá tú, jọ̀wọ́, ṣẹ́ ẹran kù.