Fídíò Oyèwọlé Tí Kò Fọhùn

Ní Òkè-Ìsàn, ìlú kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin, ìyá arúgbó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọkùnrin méjì ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Oyèwọlé ni àkọ́bí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe, nínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó epo láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tó ti fojú kan ilé kẹ́yìn. Gbọ́láhàn, àbúrò rẹ̀, jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ló sì ń gbé. Ẹni kẹta nínú ilé náà ni Àrìnpé, ìyàwó Oyèwọlé. Òun ló ń dáná fún ìyá ọkọ rẹ̀, òun ló sì ń fi omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀ ní àràárọ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá Àrìnpé kú. Oyèwọlé wà lórí omi, kò lè wá sin àna rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Àrìnpé wọ egungun. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ọkọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, "Ó dáa" àti "Mo ti gbọ́" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan tí òun àti Oyèwọlé jọ ń ṣiṣẹ́ ya ilé wọn bó ṣe ń lọ sí ìlú tirẹ̀. Ó yọ fúláàṣì kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé jáde nínú àpò.

Ó ní, "Màmá, Oyèwọlé ní kí n fi èyí jíṣẹ́. Fídíò ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ kí ẹ wò ó, pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ọkọ̀ wọn á ti gbéra báyìí. Ẹ ò lè rí i pè fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Àwẹ̀ró bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, o mọ ohun tó sọ?"

"Rárá o, Màmá. Mi ò wò ó."

Tẹlifíṣọ̀n ilé náà dàgbà ju Fadérera lọ, ọmọ kan ṣoṣo tí Àrìnpé bí, tó ti wọ yunifásítì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn débi pé wọ́n ní láti sún tábìlì kúrò lára ògiri kó tó gbà á. Dífídì tí wọ́n so mọ́ ọn ní ojú tí wọ́n lè ki fúláàṣì bọ̀. Gbọ́láhàn ki í bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà ń yí, ó ń yí, nígbà tó yá ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun kò mọ irú fáìlì yìí.

Ni Gbọ́láhàn bá gbé fúláàṣì lọ bá Rìsíkátù. Obìnrin yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò sí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ní Òkè-Ìsàn tí kò mọ ohun tó ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ.

Rìsíkátù ní, "Irú èyí tí àwọn fóònù tuntun ń yà ni. Ẹ̀rọ yín kò lè kà á. Ẹ jẹ́ kí n yí i padà sí irú èyí tó mọ̀."

Ó ṣí i wò díẹ̀ lórí kọ̀mpútà rẹ̀, ó gbọ́ tí ọkùnrin kan ní "Ẹ kú ilé o," ó sì yára pa á, nítorí ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Ó gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ. Ó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ náà parí ni fóònù rẹ̀ dún: ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìlọrin ti ń rọbí. Rìsíkátù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ jọ. Bí fáìlì ṣe parí, ó kó o sínú fúláàṣì, ó fi lé Gbọ́láhàn lọ́wọ́ láìdán an wò, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì sáré lọ wọkọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, àwòrán jáde. Ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n náà ṣe bí àpótí, fídíò náà sì fẹ̀, nítorí náà ńṣe ni wọ́n fún Oyèwọlé pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Orí rẹ̀ gùn bí ìbẹ́pẹ.

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé ọmọ mi rèé? Kí ló gbẹ ẹ́ báyìí?"

Ẹnu Oyèwọlé ń mì, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbọ́láhàn tẹ rimóòtù títí kò fi lè lọ sókè mọ́. Ó gbá tẹlifíṣọ̀n náà lẹ́yìn. Ó yọ fúláàṣì, ó ki àwo fíìmù kan sínú dífídì, àwọn ará inú fíìmù náà sì pariwo gbogbo ilé. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ó dá fúláàṣì padà, ilé tún pa rọ́rọ́.

Wọ́n ń wò ó báyẹn. Oyèwọlé ṣí fìlà. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó na ìka méjì sókè, ó sì fi ìka kan tọ́ka sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni ń bínú sí ilẹ̀. Ó mú fọ́tò kékeré kan jáde, obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó gbé ọmọ ọwọ́, ó sì gbé e sókè kí wọ́n rí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú tẹlifíṣọ̀n sì dúdú.

Gbọ́láhàn pe Rìsíkátù lórí fóònù. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọgbà ilé ìwòsàn.

"Ohùn kò jáde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo mọ ohun tí mo gbàgbé. Sátidé ni màá dé. Ẹ má wò ó mọ́ títí màá fi dé."

Ṣùgbọ́n ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kọ̀mpútà kan ṣoṣo tó wà nílé ẹ̀kọ́ Gbọ́láhàn ti kú tipẹ́, fúláàṣì kò sì lè wọ fóònù wọn. Wọ́n wò ó nígbà mẹ́ta sí i lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dá a wò. Bí wọ́n ti ń wò ó sí i ni ó túbọ̀ ń rú wọn lójú, bó sì ṣe ń rú wọn lójú tó ni wọ́n ń rò pé ó ti ń yé wọn.

Lójú Àwẹ̀ró, àìsàn ni. Ọmọ rẹ̀ gbẹ, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sunkún. Ìka méjì yẹn ni oṣù méjì tí dókítà ní ó kù fún un. Lójú Gbọ́láhàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n òun ń tọ́ka sí ilẹ̀ bàbá wọn, ó fẹ́ kí wọ́n pín in sí méjì, kó sì ta tirẹ̀. Ìyẹn ló fi ń dọ̀bálẹ̀. Lójú Àrìnpé, kò tiẹ̀ sí ohun tó tún ṣòro níbẹ̀. Ó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ń wo obìnrin inú fọ́tò. Ojú obìnrin náà kò hàn, ó ti fún pọ̀ di ìlà kan. Ó ṣáà mọ̀ pé ó kéré lọ́jọ́ orí, ó sì gbọ́mọ dání. Ìka méjì: ọmọ kejì ń bọ̀ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó sọ ti inú rẹ̀ fún ẹnìkejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Gbọ́láhàn fi okùn wọn àgbàlá, ó sì kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà mú apá tó dára jù. Àwẹ̀ró tiro jáde, ó rí àwọn èèkàn náà.

Ó figbe ta: "Gbọ́láhàn! Ọmọ mi kò tíì kú tí o fi ń wọn sàréè rẹ̀!"

Àrìnpé ti jáde láti ilé ìdáná. "Sàréè kẹ̀? Yàrá ni wọ́n fẹ́ kọ́. Yàrá ìyàwó tuntun. Akọ̀wé, ẹ̀yin náà mọ̀ nípa rẹ̀?" Akọ̀wé ló ń pe Gbọ́láhàn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ.

Gbọ́láhàn ya ẹnu sílẹ̀. "Ìyàwó wo? Sàréè ta ni?"

Àrìnpé yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Màámi, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sìn yín. Ẹ mọ obìnrin náà. Ẹ mọ ọmọ náà. Ẹ wá ń fi omi ojú bò ó fún mi. Ìyá tó bí èké ni yín."

Kò tíì sí ẹni tó bú Àwẹ̀ró bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti di ìyá. Ó wọlé, ó sì kọjú sí ògiri. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Àrìnpé ti gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Àwẹ̀ró kò fi nǹkan kan kan ẹnu.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Rìsíkátù dé. Ọmọ rẹ̀ ti sọ̀ láyọ̀. Ilé Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ wá, ó fi kọ̀mpútà há abíyá. Ó kọsẹ̀ lára èèkàn kan, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kọ́ síbí?" Gbọ́láhàn sáré gbé àga fún un.

Ó jókòó, ó ń ṣàlàyé bó ti ń ṣiṣẹ́. "Ọ̀tọ̀ ni àwòrán nínú fídíò, ọ̀tọ̀ ni ohùn. Ńṣe ni wọ́n dì wọ́n pọ̀. Mo yí àwòrán padà, mo fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀rọ yín ní ojú tó fi rí i, kò ní etí tó fi gbọ́ ọ. Àṣìṣe mi ni. Màá tún fẹ àwòrán náà, kó má fún pọ̀ mọ́."

Gbọ́láhàn lọ bẹ Àrìnpé. Ó wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó kọ̀ láti jókòó.

Oyèwọlé yọ sójú tẹlifíṣọ̀n, ó sanra bó ṣe máa ń sanra. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ kún inú ilé.

"Ẹ kú ilé o. Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà. Àrìnpé, mo ṣí fìlà fún ọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá wa tí mi ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà ní àyà mi níbí, kò lọ. Oṣù méjì ló kù. Oṣù méjì péré, mo bọ́ kúrò nínú ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ yìí gan-an, mi ò tún wọ̀ ọ́ mọ́ láé. Ṣé o rí fọ́tò yìí? Ìwọ àti Fadérera ni, lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Òun ni mò ń wò kí n tó sùn." Ó dìde. "Mi ò rí ibojì bàbá rẹ dọ̀bálẹ̀ sí. Ibi tí mo wà yìí náà ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin àna mi, ẹ forí jì mí."

Nígbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, Gbọ́láhàn dìde láìsọ̀rọ̀, ó lọ sí àgbàlá. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń fa èèkàn tu lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àrìnpé wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹkún ló ń sun, kò sì dá a lójú bóyá ẹkún ayọ̀ ni tàbí ti ìtìjú.

Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ohun tí o sọ sí mi dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n dìde. Èmi náà ti sin ọmọ mi láàyè. Ètè la rí o, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀."

Rìsíkátù ló gbé gbólóhùn náà jáde nílé wọn. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń kánjú gba fúláàṣì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn náà sì ń sọ ọ́ nílé tiwọn, títí ó fi dé ẹnu àwọn tí kò mọ Oyèwọlé rárá. Bí ìjà ṣe di òwe ní Òkè-Ìsàn nìyẹn, tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ẹnìkan bá fẹ́ dájọ́ lórí ohun tí kò yé e, àgbà tó bá wà nítòsí á dá a dúró pé: "Rírí ètè kọ́ ni gbígbọ́ ọ̀rọ̀."