Ẹ̀yìn Méjì Gbé Ìjàpá Dé Ìdí Iṣu

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta gbì, ó balẹ̀ sórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ẹni tó kẹ́yìn sí oúnjẹ tó sì yó.

Láyé ọjọ́un, Kìnìún ọba kó iṣu tuntun jọ sí àgbàlá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án títí ọdún iṣu yóò fi dé. Ó wá ṣòfin pé ẹni tó bá wà nínú àgbàlá òun, kó máa fẹ̀yìn rìn. Àwọn ẹranko kọjú sí iṣu, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n sì ń jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ojú wọn ò kúrò lára iṣu, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn yọ̀ọ̀.

Inú bí Kìnìún. "Ẹ̀yin ọ̀kánjúwà, ẹ kẹ́yìn sí iṣu mi! Ẹni tó bá rú òfin kò ní jẹ nínú iṣu ọdún."

Ìjàpá nawọ́. "Kábíyèsí, fífẹ̀yìn rìn ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú! Méjèèjì ni kí o pa mọ́!"

Ẹ̀rù ba àwọn yòókù, wọ́n gba ilé wọn lọ. Inú Ìjàpá dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ó kẹ́yìn sí iṣu. Ó fẹ̀yìn rìn. Gbì! Ìdí rẹ̀ kan iṣu. Ló bá jókòó, ó ń rún un wòmùwòmù.

Ọ̀yà tó ń ṣọ́ àgbàlá figbe ta. Ìlú pé. Kìnìún sáré dé.

"Olè! Ta ló gbé ọ débí?"

"Òfin yín ni, Kábíyèsí. Mo kẹ́yìn, mo sì fẹ̀yìn rìn. Ká ní ọ̀kan péré ni, ǹ bá ti délé mi báyìí."

Àwọn ẹranko bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀yà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọba létí. Kìnìún rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ò jẹ̀bi, ọmọ mi, mo sì fojú fo èyí tí o jẹ. Di èyí tó wù ọ́, máa gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n pa òfin méjèèjì mọ́ o."

Ìjàpá di iṣu ràbàtà mẹ́yìn. Ó gbẹ́sẹ̀, iṣu ló tún kàn. Ó tún gbẹ́sẹ̀, ó gun orí òkìtì iṣu.

"Ẹ kílé o!" ni Ọ̀yà ń pariwo.

Òógùn bo Ìjàpá. Ó tún gbẹ́sẹ̀ kan sí i, òkìtì wó, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbàgà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà lókè.

"Kábíyèsí, ẹ gba ìpín mi nínú iṣu ọdún, ẹ sáà jẹ́ kí n rú òfin kan!"

"Mo ti gbà á," ni Kìnìún wí.

Yánníbo dé, ó káwọ́ lérí. "Baálé mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀yìn lórí ẹ̀yìn! Ìṣubú ti yí yín padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n tún yín yí padà." Ó yí i, Ìjàpá dìde, ó kọjú sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn fún ìjàpá tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ láti dìde, àfi kí wọ́n tún un yí. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá kẹ́yìn sí iṣu nìkan, ẹ ó jìnnà sí i. Bí ẹ bá fẹ̀yìn rìn nìkan, ẹ ó jìnnà sí i. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ìdí iṣu lẹ ó bá ara yín.

Ó kúrò lẹ́nu mi, ó di etí yín. Bí mo bá purọ́, kí iṣu tí mo gbé kaná má jinná.