Òkú Kì Í San Owó Ẹrù

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, àbí ẹ ti yó jù ni?

— Ààlọ̀ o!

Ẹ́n-ẹ́n. Àlọ́ mi já wálẹ̀ gbì. Kò bọ́ lu ẹyẹ, kò bọ́ lu ẹja. Orí Ìjàpá ló bà sí, Ìjàpá ọkọ Yánníbo, lọ́jọ́ tó fẹ́ kó gbogbo ilé rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, tí kò sì fẹ́ kó ná òun ní nǹkan kan.

Láyé ọjọ́un, ara Ìjàpá ń dán ni. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún máa ń sáré. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní ó máa ń sáré! Òkè-Yangí ni òun àti Yánníbo ń gbé. Nígbà tó yá, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣá, kànga ń gbẹ. Ìjàpá ní, "Yánníbo, ilé là ń lọ. Ilẹ̀ bàbá mi wà ní Etí-Odò. Àbúrò mi Láwọyin wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni ìrìn ibẹ̀. Ẹrù ńkọ́? Odó wà, àmù wà, ọkọ́ àti àdá wà. Àpótí aṣọ wà, àti àga tí bàbá Ìjàpá fi sílẹ̀ fún un. Ọgọ́rùn-ún iṣu wà nínú abà. Ọlọ ńlá kan tún wà, tí ìyá Yánníbo gbé fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé nìyẹn. Bí ẹrù yìí kò bá bá wọn délé, orí ilẹ̀ lásán ni wọn yóò sùn.

Ìjàpá tọ Erin lọ. "Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Kí lẹ máa gbà, kẹ́ ẹ bá mi ru ẹrù dé Etí-Odò?"

Erin ní, "Ọgọ́ta iṣu. N ó ru gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwo kan ò ní fọ́."

"Ọgọ́ta! Ṣé ẹrù lẹ fẹ́ rù ni, àbí abà mi lẹ fẹ́ jẹ?"

Ó tọ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní àpò àgbàdo kan tó òun, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lòun máa lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lòun máa bọ̀. Ìjàpá ní kí ìyẹn tó parí, ikán á ti jẹ àpótí aṣọ òun tán. Ó lọ bá Àwòdì. Àwòdì ní òun ò gbà ju òròmọdìẹ kan ṣoṣo lọ. Inú Ìjàpá dùn.

Ó ní, "Bí nǹkan bá já bọ́ lókè ńkọ́?"

Àwòdì ní, "Èyí tó bá já bọ́, ti ilẹ̀ nìyẹn."

Ìjàpá ń darí bọ̀ wálé, ó ń kùn. Bó ṣe dé oríta, ó pàdé èrò. Àgbò àgbàlagbà kan ló kú sájò, wọ́n ń gbé e lọ sílé. Àwọn kan gbé òkú, àwọn kan ru ẹrù rẹ̀. Ta ló wà láàárín wọn? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! Ó ru ẹrù gègèrè.

Ìjàpá sún mọ́ ọn. Ó rọra bi í, "Kí ni wọ́n fún ọ?"

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wò ó tìyanu-tìyanu. "Ta ní í gba nǹkan lọ́wọ́ òkú? Òkú kì í san owó ẹrù."

Ìjàpá dúró sójú kan. Ó ní, "Hẹ̀n!" Ẹ bá mi sọ ọ́.

— Hẹ̀n!

Ó sáré délé. "Yánníbo, mo fẹ́ kú."

Yánníbo ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Baálé mi, ṣé kí n bu oúnjẹ fún yín kẹ́ ẹ tó lọ?"

Ìjàpá ní kó má ṣeré. Ó ní, "N ó nà gbalaja. Wọn óò gbé èmi àti ẹrù wa délé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwọn tó gbé wa bá ti padà lọ, kí o kọrin fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, n ó sì jí. Ara ilé á ní Ọlọ́run ló ṣe é."

"Bí n ò bá ráyè kọrin ńkọ́?"

"Ìwọ! Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í sinmi!"

Ẹ rántí pé Ìjàpá yìí náà ni wọ́n bi pé ìgbà wo ni yóò ti àjò dé, tó ní ó di ìgbà tóun bá tẹ́. Ó ń lọ nìyẹn o.

Kò fẹ́ ra pósí. Yánníbo bá gbé àtẹ pẹrẹsẹ kan, ó tẹ́ ọkọ rẹ̀ lé e, ó sì fi igbá ńlá kan dé e mọ́lẹ̀. Igbá ọjọ́ pípẹ́ ni. Ó ti fọ́ rí, wọ́n ti fi okùn rán an, ojú rírán wà lára rẹ̀ yíká. Ó di igbá mọ́ àtẹ, ó fi àlàfo sílẹ̀ lápá orí kí ọkọ rẹ̀ lè máa mí. Ló bá figbe ta.

Erin dé, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dé. Omijé ń dà lójú Erin poroporo. Ó ní, "Háà, Ìjàpá! Ọgọ́ta iṣu ni mo pè fún un. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ru ú lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó ṣì wà láàyè."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìjàpá lára lábẹ́ igbá. Ojú tì í díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o! Ni Erin bá gbé e, tòun tẹrù. Yánníbo ń lé orin, èrò ọ̀nà ń gbè é. Ẹ̀yin náà ẹ gbè é, "Rọra gbé e, rọra":

Baálé mi sùn, kò jí o,
— Rọra gbé e, rọra.
Erin gbé e, kò wúwo o,
— Rọra gbé e, rọra.
Odó ń bọ̀, ọlọ ń bọ̀ o,
— Rọra gbé e, rọra.
Ilé bàbá rẹ̀ ló ń rè o,
— Rọra gbé e, rọra.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n rìn. Ọ̀nì gbé wọn sọdá odò, kò gba nǹkan kan. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Yánníbo á ní òun fẹ́ dá sunkún sétí ọkọ òun, á sì ti àkàrà bọ inú àlàfo. Ìjàpá á jẹ ẹ́, á máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹrù kankan tó sọnù. Odó dé, àmù dé, iṣu pé.

Wọ́n dé Etí-Odò. Ṣùgbọ́n nílùú yẹn, opó kì í dúró níta. Bí Yánníbo ṣe wọlé, àwọn obìnrin ilé dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n fi í sí yàrá inú, wọ́n tilẹ̀kùn. Ó ń sọ pé òun fẹ́ kọrin díẹ̀. Wọ́n ní opó kì í kọrin. Erin náà ní òun ò ní padà àfi bóun bá rí i tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ òun. Ó jókòó gbì sẹ́nu ọ̀nà.

Ìjàpá gbọ́ gbì náà. Bóun bá jí báyìí, Erin á tẹ òun pa! Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí: níbẹ̀, kí wọ́n tó sin òkú ni wọ́n ti ń pín ogún, lójú òkú gan-an, kí òkú lè gbọ́. Baba Ògbó, olórí ẹbí, dìde. Ó ní, "Odó àti àmù, ti ìyàwó Láwọyin. Ìjàpá, bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, sọ ọ́."

Ìjàpá pa ẹnu dé. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun á gbà á padà tó bá dọ̀la.

"Àga, ọkọ́, àdá, àpótí aṣọ, ti Láwọyin. Ogójì iṣu, ti ará ilé. Ọgọ́ta iṣu, ti Erin tó gbé òkú wálé. Ìjàpá, bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, sọ ọ́."

Ìjàpá ń làágùn. Àga bàbá rẹ̀! Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò fọhùn.

Erin ní, "Ẹ má bínú, bàbá. N ò gba iṣu. Òkú kì í san owó ẹrù."

Yánníbo ké láti yàrá inú, "Ọlọ ìyá mi kì í ṣe ogún o!"

Baba Ògbó ní òótọ́ ni, ohun ìyàwó kì í ṣe ogún ọkọ. Ó wúkọ́. Ó ní, "Ó wá ku opó."

Láwọyin tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Èmi ló kàn."

"Ìjàpá, bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ..."

"Mo ní i!" Igbá mì jìgìjìgì. "Láwọyin, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Mi ò kú o! Mi ò kú!"

Èrò fọ́n ká, yẹ́ẹ́! Baba Ògbó nìkan ni kò sá. Kò lè sáré ni. Erin dìde, ó ti orí bọlé. Ó wo igbá náà títí.

Ó ní, "Ìjàpá, mo sunkún rẹ fọ́jọ́ mẹ́fà."

Ìjàpá rọra fa orí padà sínú igbá. Ni Erin bá gbé ẹsẹ̀ lé igbá náà jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ti Erin nìyẹn o, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Igbá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, àtẹ lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Wọ́n fà á, fà á, kò ṣí mọ́.

Erin ní, "Láti òní lọ, ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa ru ilé rẹ. Ẹnikẹ́ni ò sì ní bá ọ sọ̀ ọ́. Baba Ògbó, ẹ kó ọgọ́ta iṣu mi wá. Òkú ni kì í san owó ẹrù, alààyè ń san án."

Ìjàpá yíjú sí Baba Ògbó. "Ẹ bá mi gba ìyókù padà."

Baba Ògbó ní, "A bi ọ́ nígbà odó, o dákẹ́. A bi ọ́ nígbà àga, o dákẹ́. Ìyàwó nìkan lo fọhùn lé lórí, gba ìyàwó rẹ. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Yánníbo jáde láti yàrá inú, ó ru ọlọ ìyá rẹ̀. Ó wo Erin tó ń gbé iṣu lọ. Ó wo ọkọ rẹ̀ lábẹ́ igbá.

Ó ní, "Baálé mi, iye tó pè níjọ́sí náà ló gbà yẹn o."

Láti ọjọ́ náà ni ilé Ìjàpá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò lè sáré mọ́. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà oko, tí ẹ fọwọ́ kàn án, á fa orí wọlé, á ṣe bí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń sunkún rẹ̀? Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ibi tí mo sọ ẹrù àlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un lọ́nà, kí agogo ẹnu mi má dún mọ́. Ẹ dákẹ́ ká gbọ́: pó, pó, pó!

Ó dún.