Ohùn Ìyá Abẹ́ní

Wolé-wolé ni Baba Adélakùn títí tó fi fẹ̀yìn tì. Láyé ìgbà náà, bó bá wọ agboolé, kì í kí èèyàn kó tó ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọba parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ìkòkò náà ló wá fi ń wo ọmọ aráyé. Ẹ fún un lómi mu, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìkànnì ayélujára ìlú Òkè-Ayọ̀lé. Orí ìkànnì yìí ni wọ́n kó ohùn àwọn ìyá tó ń ki oríkì agboolé sí, kí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi lè máa gbọ́ ọ. Ohùn Ìyá Abẹ́ní, ìyá tó bí Baba Adélakùn, wà níbẹ̀. Ìyá náà ti kú, fóònù tí wọ́n fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì síbòmíràn tí èèyàn ti lè gbọ́ ọ mọ́. Àràárọ̀ ni Baba máa ń gbọ́ ọ kó tó jẹun.

Nígbà tó yá, ìkànnì náà gbó, àwọn oníjìbìtì wá ń gbé ìpolówó tẹ́tẹ́ sórí rẹ̀. Fadérẹ́rà, ọmọ ìlú tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun, ní òun á pààrọ̀ ètò tó gbé e ró sí tuntun.

"Ṣùgbọ́n Baba, màá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà mi. A kì í mọ̀."

"Sínú kọ̀ǹpútà tìẹ?" Baba wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Kó o lè tà á fáwọn tó ń ṣe fíìmù, àbí? Èmi kì í ṣọmọ àná o. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ jáde!"

"Ẹ̀dà lásán ni, Baba."

"Mo ti sọ tèmi."

Fadérẹ́rà gba kámú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngán ìlú, Baba sì gbé àga tì í. Yéè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Ayọ̀lé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbín yá jù ú lọ. Oòrùn kàn àtàrí, iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì.

"Kí ló ń ṣe tí kò tán?"

"Ó ń kó àwọn ohùn náà láti àyè àtijọ́ lọ sí tuntun ni, Baba. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò lágbára."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì!" Baba pòṣé.

Epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ẹ́ tán. Fadérẹ́rà dìde láti lọ ra díẹ̀ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ Baba, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o, títí màá fi dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ní kí wolé-wolé má ṣí ìkòkò, ṣé kò ti jẹ́wọ́ tán? Baba wọ gíláàsì rẹ̀, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ń pa ti àtijọ́ rẹ́, orúkọ ìyá rẹ̀ ló sì tẹ̀ lé e.

"Háà! Wọ́n ń pa ìyá mi rẹ́! Ṣé mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́?" Ó fa wáyà yọ lára ògiri.

Nígbà tí Fadérẹ́rà dé, Baba ti gbọ́wọ́ lé ìbàdí. "Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́ lónìí!"

Fadérẹ́rà rí wáyà nílẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Yéè, Baba! Bó ṣe ń gbé ohùn lọ sí àyè tuntun ló ń pa á rẹ́ níbi àtijọ́. Àwọn tó kù nílé wà nílé, àwọn tó dé ti dé. Ti ìyá yín ló wà lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ fi já a."

Baba di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dá a padà, ọmọ mi."

"Kí ni n ó fi dá a padà? Ẹ̀dà tí mo fẹ́ ṣe lánàá ni. Ẹ̀yin lẹ ní n má ṣe é."

Ó wá a títí. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ fún Baba. Ìyá Abẹ́ní wúkọ́, ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀." Ó parí síbẹ̀.

Baba Adélakùn sunkún bí ọmọdé. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ti sọ ìlàjì òwe yìí lójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú sì ṣe ń pa á báyìí pé: ìfura loògùn àgbà, àmọ́ àlòjù rẹ̀ ní í di májèlé.